Ìbọn igi AK tí wọ́n ń gbẹ́ n'Ílé-Ifẹ̀: ó tó owó rẹ̀ àbí kò tó?

Ẹni tó bá ń ṣe eré orí ìtàgé tàbí fíìmù mọ wàhálà ìbọn. Ìbọn gidi kò ṣeé gbé sórí ìtàgé. Ìbọn rọ́bà tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé lásìkò ọdún kò sì lè tan ẹnikẹ́ni jẹ, bí kámẹ́rà bá ti súnmọ́ ọn díẹ̀, àṣírí á tú. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ́nà Ìlódè fi ń rí oníbàárà láàárín àwọn ẹgbẹ́ eléré Ifẹ̀ àti Iléṣà, àti láàárín àwọn tí kò ṣe eré kankan, tí wọ́n kàn fẹ́ràn ìbọn àtijọ́ tí wọ́n sì fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri. Ilẹ̀kùn, àga àti ọpọ́n ayò ni iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìbọn igi ló gba iwájú, AK, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní AK-47, ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbẹ́ jù, pàápàá AK àtijọ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ odidi irin.

Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní máàkì kí a tó ṣàlàyé. Ara ìbọn: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Igi ìdí àti ìdìmú: mẹ́jọ. Màgásíìnì: mẹ́fà. Ọ̀pá àti ẹnu ìbọn: márùn-ún. Ọ̀dà: mẹ́ta, àánú ló sì mú un tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ara ìbọn tí à ń yìn yìí? Àpótí irin tó wà láàárín ni, èyí tí ọ̀pá, ìdí, màgásíìnì àti ibi tí wọ́n ń fà gbogbo wọn so mọ́. Orí àpótí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ AK àtijọ́ dá lé. Mikhail Kalashnikov àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìbọn náà jáde ní 1947, àwọn ọmọ ogun Soviet sì gbà á wọlé ní 1949. Ìlú Izhevsk ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, páànù irin ni wọ́n tẹ̀ fi ṣe àpótí wọn, wọ́n wá fi ègé irin tó ki sí iwájú, níbi tí ọ̀pá ti wọlé. Èrò tó dáa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìgbà yẹn kò tíì ká a: páànù ń lọ́, èyí tí wọ́n ń dà nù sì pọ̀ ju èyí tó wúlò lọ. Ni wọ́n bá padà sí iṣẹ́ tó nira ṣùgbọ́n tó dájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú odidi irin, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, títí tí àpótí á fi ṣẹ́kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú irin náà, èérún ló ń dà nílẹ̀ ilé iṣẹ́. Nígbà tó di 1959, wọ́n ti mọ páànù í tẹ̀, AKM, ìyẹn AK tí wọ́n tún ṣe, sì dé pẹ̀lú àpótí páànù tó ki tó mìlímítà kan péré. Bí wọ́n ṣe fi odidi irin sílẹ̀ ní Soviet nìyẹn.

Ìyẹn ni pé ìgbà kúkúrú ni AK olódidi irin fi jọba nílé tí wọ́n ti bí i, kò tó ọdún mẹ́wàá. Ó sì wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ìbọn fi ń wá a. Àmọ́ ibòmíràn kò jáwọ́ kíákíá. China mú un ní 1956, wọ́n pè é ní Type 56, àwọn náà sì bá odidi irin lọ títí dé àárín àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó yí sí páànù. Poland, Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Kòríà ṣe tiwọn. Rk 62 ti Finland àti Galil ti Israel, tí wọ́n fara wé AK, odidi irin ni àwọn náà. Bulgaria ṣì ń gbẹ́ ẹ títí di òní nílé iṣẹ́ Arsenal tó wà ní Kazanlak, ibẹ̀ sì ni àwọn olùkójọ ní Amẹ́ríkà ti ń rí SAM7, irú AK tí Arsenal ń ṣe, tí wọ́n ń náwó lé lórí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á sọ fún yín pé ó le gírígírí lọ́wọ́, pé kò dún kẹrẹkẹrẹ bíi ti páànù. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó wúwo. Òótọ́ ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹ̀ka tó kẹ́yìn nínú olódidi irin ti Soviet, láìsí màgásíìnì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù mẹ́ta ààbọ̀. AKM kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Ibi tí ilé iṣẹ́ Ìlódè yìí ti ta gbogbo agbẹ́bọn-igi yòókù yọ nìyí: wọ́n mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ hàn. Ní ìsọ̀ mìíràn, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdí AKM, ẹnu AK-74 tó dé lẹ́yìn AKM, màgásíìnì tó tẹ̀ bí ìwo ẹfọ̀n, wọ́n á ní AK-47 ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọn kò rẹ́ yín jẹ, orí àpótí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. AK olódidi irin ní ihò pẹrẹsẹ gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, lókè ibi tí màgásíìnì ti wọlé. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ irin ibẹ̀ dànù kí ìbọn lè fúyẹ́. AKM kò ní i. Kòtò kékeré bí àmì ìka ló ní níbẹ̀, pẹ̀lú orí ríbẹ́ẹ̀tì tó fara hàn níwájú àti lẹ́yìn àpótí. Bí ẹ bá rí ríbẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn tí wọ́n pè ní olódidi irin, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wo òkè. Ìdérí àpótí ti AK àtijọ́ jọ̀lọ̀, kò ní ìlà. Ti AKM ní egungun ìlà kọjá lórí rẹ̀. Igi ìdìmú ìsàlẹ̀ níwájú: ti AK tẹ́ gbọọrọ, ti AKM yọ ikùn síta lọ́tùn-ún lósì kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. Ìdí ìbọn ti AK rọ̀ sísàlẹ̀ ju ti AKM lọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀pá dọ́gba. Páìpù gáàsì tó wà lókè ọ̀pá ní ihò wẹ́wẹ́ lára lórí AK, AKM ti gbé ihò náà lọ síwájú. Ibi ìfojúsùn ẹ̀yìn ní nọ́ńbà tó parí sí 8 lórí AK, ìyẹn mítà 800, ó sì parí sí 10 lórí AKM. Ẹnu AK kì í ní nǹkan púpọ̀, òrùka nọ́ọ̀tì kékeré kan ni. Ẹnu tó dà bíi ṣíbí tí wọ́n gé ní ìdábùú, ti AKM nìyẹn. Gbogbo èyí ni ọ̀gá ibẹ̀ máa ń gbẹ́ bó ṣe yẹ, láìsí pé ẹnìkan ń dúró tì í. Ihò pẹrẹsẹ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kò jìn ju mìlímítà méjì lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ sì mú. Ibẹ̀ ló gba máàkì mẹ́sàn-án. Ojú tó bá ti rí irin Ògún Ládìn láàfin Ọọ̀ni mọ bí irin odidi ṣe máa ń wúwo láti òkèèrè kí ọwọ́ tó kàn án. Ìwúwo ojú yẹn wà lára igi ọkùnrin yìí.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà: ti Soviet tó kẹ́yìn kí AKM tó dé, Type 56 ti China, àti ti Bulgaria aláwọ̀ dúdú. Ẹ fi ti Bulgaria sílẹ̀. Igi rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó jọ rọ́bà, kò sì jọ ọ́, ojú á sì rí i kedere. Ti Soviet ló dára jù. Type 56 tẹ̀lé e, ó sì ní nǹkan méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ wò. Àkọ́kọ́, ibi ìfojúsùn iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òrùka tó pa dé lókè. Ti Soviet ṣí, etí méjì ló dúró sókè níbẹ̀. Ìkejì, ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bí òpó ṣóńṣó, kó sì ká padà sábẹ́ ọ̀pá. Wọ́n máa ń gbẹ́ ọ̀bẹ náà ní fífẹ̀ bí ọ̀bẹ ìdáná. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Fún àwọn tó ń ṣe eré ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, èyíkéyìí nínú méjì yìí bá àkókò náà mu. Ohun tí kò bá a mu ni ìbọn tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú, torí àwọn ọdún 1990 ni ìyẹn gbòde. Ó sì yani lẹ́nu bí ó ṣe máa ń yọ nínú fíìmù ogun abẹ́lé tó.

Igi wá ńkọ́? Igi mẹ́ta ló wà nílẹ̀ níbẹ̀: arère, mẹ́línà àti ìrókò. Arère rọrùn láti gbẹ́, ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n tí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, imú rẹ̀ á fọ́. Mẹ́línà dára fún èyí tí wọ́n máa lò nínú eré sísá àti jíjà, torí kì í tètè là. Ìrókò ni kí ẹ mú fún ara ìbọn tí wọ́n máa ya súnmọ́ tàbí tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri, torí etí ihò àti ìlà máa ń dúró lára rẹ̀. Ohun tó ti dára jù ni kí àpótí jẹ́ ìrókò, kí ìdí àti ìdìmú jẹ́ mẹ́línà tí wọ́n kùn ní pupa bí epo. Igi báàṣì ni wọ́n ń lò ní Soviet, fáníìṣì rẹ̀ sì máa ń pọ́n rúsúrúsú. Mẹ́línà gba àwọ̀ yẹn ju ìrókò lọ, torí ó funfun.

Gbogbo igi yìí, kò wúwo tó. Odidi ìbọn ìrókò tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 87, ìwọ̀n AK gidi láti ìdí dé ẹnu, kò ju kìlógíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Eléré á máa jù ú sókè bí igi ìdáná láìmọ̀, ẹni tó mọ ìbọn á sì ti mọ̀ pé irọ́ ni. Kí ẹ ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 800 sí kìlógíráàmù kan, sínú àpótí láti ìsàlẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ń fà, kí wọ́n fi góòmù àti ègé igi dí i pa. Níbẹ̀ ni kó wà. Tí wọ́n bá fi í sínú ìdí, ìbọn á máa dojú sókè, ọwọ́ eléré á sì máa bá a jà.

Màgásíìnì ló fa máàkì mẹ́fà. Ìrísí rẹ̀ dára, àti èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ìlà, tó bá àwọn AK àkọ́kọ́ mu, àti èyí tó ní ìlà gbọọrọ tó tẹ̀lé e. Ìṣòro wà níbi tó ti ń wọlé. Wọ́n ń gbẹ́ ihò náà ní ìwọ̀n tó fún jù, igi tí wọ́n sì ń lò kì í gbẹ tán. Lásìkò ọyẹ́, màgásíìnì á máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Lásìkò òjò, á wú, ẹ ó sì fi òòlù yọ ọ́. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ tiyín, ẹ ní kí wọ́n fi àyè mìlímítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lẹ ègé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú ihò. Awọ á fún un mọ́ra lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, á sì rọ̀ nígbà tí igi bá wú. Òkúta mágínẹ́ẹ̀tì kékeré méjì tí wọ́n ń yọ lára spíkà tó bàjẹ́ tún dára fún un.

Ibi ọ̀pá ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Páìpù irin omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dámọ̀ràn. Ẹ kọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí pé ó ki jù, páìpù irin tó lu já lára ohun tó jọ ìbọn, kò sí ọlọ́pàá tó máa gbọ́ àlàyé yín kó tó mú yín. Ọ̀pá igi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìyígi (lathe) yí, tó ki tó mìlímítà 15, ló yẹ. Kí ẹnu rẹ̀ di pa. Kí wọ́n kàn gbẹ́ ihò ẹnu tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí wọ́n kun inú rẹ̀ ní dúdú. Ọ̀pá AK gùn tó mìlímítà 415 láti ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú àpótí àti lábẹ́ igi ìdìmú, nítorí náà kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ hàn síta. Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ nìyẹn: ìbọn wọn máa ń gùn ní imú.

Àṣìṣe kejì ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń kí ìbọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà, bẹ́ẹ̀ náà ni irin gígùn tó ń yí ìbọn padà láti àìyìn sí yíyìn. Bí àwòrán orí fóònù tí wọ́n ń wò bá yí padà, wọ́n á gbé méjèèjì sí òsì. Ó ti jáde bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà tún ń dùn wọ́n lọ́wọ́. Ti Soviet ni АВ ní àárín àti ОД ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ń kọ Д bí A. Ti China ni 连 àti 单, tàbí L àti D lórí èyí tí wọ́n ṣe fún títà sókè òkun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé ní títóbi, kí ẹ mú un lọ fún wọn.

Ọ̀dà ńkọ́? Dúdú tó ń dán bí bàtà tuntun ni wọ́n ń fọ́n sí i. AK olódidi irin kì í dán bẹ́ẹ̀. Dúdú tó ń ṣe bí ẹni pé aró wà nínú rẹ̀ ni, ó sì máa ń ṣí ní etí níbi tí ọwọ́ ti ń gbá a. Ohun tó dára ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn láìkùn, kí ẹ ṣe é fúnra yín. Sánpépà 180 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 240, kí ẹ parí pẹ̀lú 400. Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi 400 gé e láàárín méjèèjì, títí ojú igi kò fi ní hàn mọ́. Bí ìlà ara igi bá ṣì hàn, gbogbo ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn náà, òfo ni. Ọ̀dà dúdú tí kì í dán ló tẹ̀lé e, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ lọ léèdì pẹ́ńsùlù 6B kúnná, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á mọ́ etí àpótí, etí ihò pẹrẹsẹ, orí ìdérí àti ọwọ́ ìkí. Irin á jáde níbẹ̀ lójú yín. Irin ìyípadà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn, lára ìbọn gidi, ó máa ń fa ìlà bí ọrun sára àpótí nítorí bí wọ́n ti ń gbé e sókè sódò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà náà sórí ọ̀dà, kí ẹ pa léèdì mọ́ ọn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á rí i.

Ìdí ìbọn, fáníìṣì pupa ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ó máa gbẹ láàárín. Ẹ má lo pólíìṣì bàtà tí wọ́n ń fi sí àwọn ère ọjà. Òógùn ọwọ́ á mú un kúrò lọ́jọ́ kìíní, aṣọ eléré á sì fi kún ẹ̀rí.

Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìbọn igi lásán. Fún ẹgbẹ́ tó nílò ìbọn mẹ́wàá fún àwọn tó ń sá kọjá lẹ́yìn, owó náà pọ̀ jù. Ẹ ra méjì tó dára lọ́wọ́ wọn fún àwọn tó máa sún mọ́ kámẹ́rà, kí ẹ mú mẹ́jọ yòókù láti ọ̀dọ̀ káfíńtà àdúgbò, pákó mẹ́línà tí wọ́n gé ní ìrísí rẹ̀ tí wọ́n kùn, òun náà tó. Fún olùkójọ tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri, ti Soviet onírókò, láìkùn, ni ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ òfin: AK gidi, ará ìlú kò lè kàn máa kó o jọ ní Nàìjíríà. Òfin ìbọn tó wà láti 1959 ka ìbọn ológun 7.62 mm mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ti igi náà, bó ti wù kó jẹ́ igi tó, ẹ má gbé e lọ lójú títì. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tí wọ́n dì pa, kí ìwé ẹgbẹ́ eléré àti àwòrán iṣẹ́ náà wà nínú àpò kan náà. Kí ẹ tó lọ ya fíìmù ní ìta gbangba, ẹ kọ́kọ́ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò létí, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará àdúgbò náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń wá sí Ifẹ̀ láti Iléṣà fún un, kó fún màgásíìnì ní àpò ọ̀tọ̀ rẹ̀, kó yọ ìdí kúrò bí ó bá ní síkúrù. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi síkúrù dè é láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbà. Kí ẹ sì fún ẹnu ìbọn ní ìdì pupa tó máa wà níbẹ̀ títí tí kámẹ́rà yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tí wọ́n bá sọ pé á yá ní ọjọ́ mẹ́rin, igi tútù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ẹ béèrè kí ẹ rí pákó náà kí wọ́n tó gé e: bí ó bá tutù mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn.